Wọ́n Yìn Mí Ní Èdè Lárúbáwá, Kí Ni Kí N Fi Fèsì?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ààfáà wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Riyadh, oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti dé. Èmi àti àwọn ará Síríà, Íjíbítì, Mòrókò pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Bí wọ́n bá yìn mí pé aṣọ mi dára tàbí pé mo mọṣẹ́, màá ní 'rárá o, aṣọ àtijọ́ ni', ńṣe ni wọ́n á máa wò mí. Èkejì, mo yin ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Síríà, wọ̀. Ó bọ́ ọ lọ́wọ́, ó ní 'm'addame', ó nà án sí mi. Mo dúpẹ́, mo gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, ìkíni wa ò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ni mo ṣe? Kí ló yẹ kí n máa sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o, mi ò fẹ́ máa sọ ohun tí kì í ṣe tèmi."

Arábìnrin mi, ẹ kú àjò, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Orí ẹ̀gbà ọwọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí mo rí i pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù. Ẹ ò jalè, ẹ ò sì ṣe ojúkòkòrò. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni ọ̀rẹ́ yín sọ, ẹ̀yin sì gbà á bí ó ṣe dún létí.

Ẹ wo ilé wa náà. Bí ènìyàn bá bá Bàbá Ìbejì lórí oúnjẹ, Bàbá Ìbejì ò ní ṣàì sọ pé, "Ẹ wá bá mi jẹun." Èsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa láti kékeré: "Á gba ibi ire o." Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa pé ìpè yẹn kì í ṣe ìpè tán. Ẹni tó bá fa àpótí, tó wẹwọ́, tó bu òkèlè àkọ́kọ́, kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì á wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó á wo ìkòkò. "M'addame" tí ọ̀rẹ́ yín sọ, ọmọ ìyá "ẹ wá jẹun" ni.

Ará Síríà àti Lẹ́bánónì ló ń pè é báyẹn. Ará Jọ́dánì á ní "mgaddame". Inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kí a gbé nǹkan síwájú ẹni ló ti jáde: mo ti gbé e síwájú yín. Ará Íjíbítì á ní "itfaddali", ẹ gbà. Àwọn mìíràn á ní "ma yighla aleki", kò sí bó ṣe wọ́n tó tí kò tọ́ sí yín. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ kò ju pé ẹ níyì lójú mi ju nǹkan yìí lọ. Iyì yẹn ni ẹ̀bùn tó fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbà ọwọ́ kàn bá ọ̀rọ̀ wá ni.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kí ẹ rọra ti ọwọ́ rẹ̀ padà, kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní, "Tislami, aleki ahla." "Tislami" jẹ́ àdúrà pé kí ara rẹ̀ ó le, kí nǹkan kan má ṣe é. "Aleki ahla" ni pé ọwọ́ tìrẹ gan-an ló ti dára jù. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, inú ẹ̀yin méjèèjì á dùn, ẹ̀gbà á padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ìgbà kan wà tó máa ń jẹ́ òótọ́ o. Bó bá búra pé "wallahi", tó tún un sọ nígbà kẹta, tó wá ń ki í bọ inú báàgì yín bí ẹ ṣe ń sá fún un, ẹ gbà á. Kíkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló ń di àrífín. Tèmi ni pé kí ènìyàn kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ríntẹ̀rín, kó wá wo ojú ẹni tó ń fún un nígbà kẹta. Ojú máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará Íjíbítì tiẹ̀ ní orúkọ fún ìpè tí kò dénú. "Uzumit marakbiyya" ni wọ́n ń pè é, ìpè àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọlọ́kọ̀ wà láàárín odò Náílì, ó rí yín létí omi, ó figbe ta: "Ẹ wá jẹun o!" Ó mọ̀ dáadáa pé ẹ ò ní lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí ìyìn fúnra rẹ̀.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Káírò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, mo lọ gẹrun. Lárúbáwá inú ìwé tí mo ti kọ́ nílé kéú ló kún orí mi. Mo lè túmọ̀ ewì àtayébáyé fún yín, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra búrẹ́dì. Onígbàjámọ̀ gẹrun tán, ó gbọn aṣọ tó fi bò mí lára, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò lọ́rùn mi, ó gbé díńgí sẹ́yìn orí mi kí n lè rí bó ṣe rí, ó wá ní, "Na'iman!" Mo gbọ́ ọ sí "na'am", ìyẹn "ẹ̀n". Mo rò pé ó ń bi mí léèrè nǹkan. Mo ní, "Na'am?" Ó tún ní, "Na'iman!" Mo mi orí, mo ní, "Na'am, na'am." Ọkùnrin náà gbé díńgí dúró sójú kan, ó ń dúró de nǹkan tí n kò mọ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀, ló gbà mí sílẹ̀. Ó sọ kalẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: "Ya ibni, ul: Allah yin'im alek." Ọmọ mi, wí pé: kí Ọlọ́hun fi ìdẹ̀ra kẹ́ ọ. Mo wí i. Onígbàjámọ̀ sọ díńgí kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. "Na'iman" àti "yin'im", gbòǹgbò kan náà ló bí wọn, lẹ́tà mẹ́ta tó jẹ mọ́ ìdẹ̀ra àti ìgbádùn. Ó fi ìdẹ̀ra kí mi, mo mú ìdẹ̀ra kan náà, mo fi Ọlọ́hun sínú rẹ̀, mo dá a padà fún un. Bí ọ̀pọ̀ èsì ìyìn ṣe rí ní èdè Lárúbáwá nìyẹn. Wọn kì í gba ìyìn pa mọ́ sápò, wọn kì í sì í jù ú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yìn yín ni ẹ ó fi ṣàdúrà fún ẹni tó yìn yín. Ẹni tó bá mọ èyí, kò nílò kó há igba gbólóhùn sórí. Kó ṣáà gbọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ bímọ, ẹ ra mọ́tò, ẹ yege ìdánwò, wọ́n á ní "mabruk". Gbòǹgbò rẹ̀ ni àlùbáríkà. Èsì yín: "Allah yibarik fiki", kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí yín lára. (Àwọn olùkọ́ gírámà kan máa ń bínú sí "mabruk". Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ràkúnmí tó kúnlẹ̀ ló jọ, pé "mubarak" ló tọ́. Òótọ́ lè wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìyàwó tó ronú kan ràkúnmí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.) Bí ẹni tó kí yín bá ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ara tirẹ̀, ẹ fi "u'balik" lé e. "A ó ṣe tiyín náà" gẹ́lẹ́ ni, ẹ ò sì ní í pẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lò, torí ó ti wà lára yín láti ilé.

Ẹ gbé tíì fún ẹnì kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ sí apá aláìsàn láìjẹ́ kó dùn ún, wọ́n á ní "tislam ideki", kí ọwọ́ yín ó máa le. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni kí ẹ dá padà: "w ideki", àti ọwọ́ tiyín náà. Tàbí kí ẹ di gbòǹgbò "salam" mú, kí ẹ ní "Allah yisallimik", kí Ọlọ́hun pa yín mọ́. Èyí kan náà ni èsì fún "alhamdulillah ala s-salama" tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ti ìrìnàjò dé tàbí tó dìde lórí àìsàn. Nínú iṣẹ́ yín, kò sí ọjọ́ tí ẹ ò ní gbọ́ ọ.

Wọ́n bá yín lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní "ya'tiki l-afye". Ẹ má lọ jìnnà, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Kí Ọlọ́hun fún yín ní okun àti ìlera. Èsì: "Allah yi'afiki". "Afye" yìí, "al-afiya" nínú ìwé, òun ló rin ọ̀nà jíjìn débí tó di "àlàáfíà" lẹ́nu wa, gẹ́gẹ́ bí "al-baraka" ṣe di "àlùbáríkà". Nítorí náà, ẹ ti ń sọ Lárúbáwá láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọ ọwọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ ọmọ Mòrókò tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́! Lọ́dọ̀ tiwọn, "l-afya" ni iná. Ẹ sọ fún un pé "ya'tik l-afya", ẹ ti ní kí Ọlọ́hun fún un ní iná. Ó lè mọ̀ pé àlejò èdè ni yín, kó rẹ́rìn-ín. Ó sì lè má rẹ́rìn-ín. Fún òun, "Allah ya'tik s-saha" lẹ máa sọ, kí Ọlọ́hun fún yín ní ìlera. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá wọ aṣọ tuntun tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun, ará Mòrókò àti Àlùjéríà kì í sọ "na'iman". "B-saha" ni wọ́n ń sọ, èsì rẹ̀ sì ni "Allah ya'tik s-saha" yìí kan náà. Gbòǹgbò kan, àdúrà kan, bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń wò yín bí ẹ bá ní "aṣọ àtijọ́ ni" wá hàn báyìí. Nílé wa, ẹni tó bá fi aṣọ ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́nu ń ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni. Wọ́n yin ọbẹ̀ yín, ẹ ní "iyọ̀ ò tiẹ̀ tó o", a mọ̀ pé ẹ ń ṣe ọmọlúàbí. Létí ọ̀rẹ́ yín ará Síríà, ohun tí ẹ sọ sún mọ́ "ojú rẹ ò ríran dáadáa". Ó ná ọ̀rọ̀ rere lé yín lórí, ẹ sì dá a padà fún un bí owó tó ya.

Ní 1996, Gayle Nelson, Mahmoud Al-Batal àti ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí èsì tí àwọn ará Síríà àti àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún ìyìn. Lára èsì àwọn ará Amẹ́ríkà, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún gba ìyìn, ìdá 45 rọ̀ ọ́ lójú (wọn ò gbà á tán, wọn ò sì kọ̀ ọ́), ìdá 3 kọ̀ ọ́. Ti àwọn ará Síríà: ìdá 67 gbà á, ìdá 33 rọ̀ ọ́ lójú, kò sì sí ẹyọ kan ṣoṣo tó kọ̀ ọ́. Òdo! Àròyé kan ṣoṣo tí mo ní sí ọ̀nà kíkà yẹn ni pé "gbígbà" kò gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tán. Ẹni tó bá wí pé "Allah yisallimik" kò kàn gba nǹkan. Ó gbà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó fi tòsì fúnni. Ó bá ohun tó wà nínú Àlùkùránì mu, Sūratu n-Nisā', ẹsẹ̀ 86, pé bí wọ́n bá kí yín ní ìkíni kan, kí ẹ kí wọn padà ní èyí tó dára jù ú lọ, tàbí kí ẹ dá irú rẹ̀ padà.

Bó bá jẹ́ ẹwà ni wọ́n yìn, ọ̀nà kan wà tó wù mí ju gbogbo àdúrà yẹn lọ. Wọ́n ní ìborùn yín rẹwà, ẹ ní "uyunik il-hilwe": ojú tìrẹ ló rẹwà. Ìborùn kò ní nǹkan kan nínú, ojú tó wò ó ló fi ẹwà sí i. Àwa náà ní irú rẹ̀, "ojú ire lẹ fi wò ó". Ní Síríà, Íjíbítì àti Ìráàkì lẹ ó ti gbọ́ ọ, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá yin ohun tí ẹ yàn, bíi aṣọ tàbí ẹ̀bùn tí ẹ rà, ẹ lè ní "da min zo'ik" fún ará Íjíbítì: ọgbọ́n ojú tiyín ni. Ọ̀rọ̀ "zo'" yìí, ìtọ́wò ló jẹ́ ní ìpìlẹ̀, èyí tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Wọ́n wá ń lò ó fún ènìyàn tó mọ nǹkan tó dára àti ènìyàn tó níwà. Wọ́n lè sọ fún yín pé "kullik zo'", gbogbo ara yín, ọmọlúàbí ni. Ẹ rọra gbà á.

Àwọn ọmọ onílẹ̀, ará Sáúdí, máa ń gbé ìyìn lọ sí orísun ènìyàn. "Min tib aslik" ni pé láti inú ilé rere tí ẹ ti jáde wá ni. Wọ́n tún ní "ma aleki zud", kò sẹ́ni tó jù yín lọ. Níbí ni mo ti ní láti kì yín nílọ̀ ohun kan, torí mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó sunkún lé e. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn lè dìde kí yín pé "Allah yirham waldeki": kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn òbí yín. Ẹ óò rántí pé "Allah yirhamu" ni wọ́n ń sọ nípa òkú, àyà yín á já: ṣé wọ́n ti gbọ́ nǹkan láti ilé tí wọn ò tíì sọ fún mi ni? Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè ṣáṣá. Ìyìn ni, pé ẹni tó bí yín ṣiṣẹ́ lára yín. Ẹ dáhùn pé "w waldeki", ti ẹ̀yin náà.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n yìn, ìrẹ̀lẹ̀ tí ẹ ti mọ́ lára láti ilé rí àyè díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè ní "hada wajbi", iṣẹ́ mi ni. Tàbí "la shukr ala wajib", a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí nínú méjèèjì tó sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Ìrẹ̀lẹ̀ lórí ara ẹni ni, kì í ṣe àtakò sí ẹni tó yìn yín.

Nípa ọmọ ni kí ẹ ti là ojú jù, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń yìn. Ẹ rí ọmọ jòjòló tó sanra lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, "ma sha' Allah" ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Bí ẹ bá gbàgbé, ìyá á rán yín létí, tàbí kó rọra fi ìbora bo ojú ọmọ. Ojú burúkú ni wọ́n ń sá fún, èyí tí ìyìn lásán lè gbé wá, àní bí ẹni tó yìn kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Nínú Muwatta', ìwé tí Imam Malik kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì jọ sí, Amir ọmọ Rabi'a rí Sahl ọmọ Hunayf níbi tó ti ń wẹ̀, ó ní òun kò rí irú awọ ara báyìí rí. Sahl ṣubú lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bínú sí Amir: kí ló dé tí ẹnì kan nínú yín fi ń pa ọmọ ìyá rẹ̀? Kí ló dé tí o ò tọrọ àlùbáríkà sí i? Ẹ rí i pé kì í ṣe ìyìn ni wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ìyìn tí kò ní àdúrà nínú ni. Nítorí náà lẹ ṣe ń rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù lára aṣọ ọmọ wọn, àti àwòrán àtẹ́lẹwọ́ oníka márùn-ún tí wọ́n ń pè ní "khamsa". Ẹ yin ọmọ, kí ẹ wá ní "Allah yikhallilik yah", kí Ọlọ́hun dá a sí fún yín. Ìyá á dáhùn "Allah yikhalliki". Bí wọ́n bá yin ọmọ tiyín nínú fótò, èsì kejì yìí ni tiyín.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò le. Ẹ yin oúnjẹ ará Síríà, á ní "sahten", tó túmọ̀ sí ìlera méjì, torí Lárúbáwá ní ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti nǹkan méjì péré. Ẹ ní "ala albik", kó bá ọkàn yín náà. Ará Íjíbítì á ní "bil-hana wish-shifa". "Á gba ibi ire" wà nínú méjèèjì.

Ní ti ọkùnrin, n kò ní lọ jìnnà: ẹ yin iṣẹ́ wọn, ẹ yin àwọn ọmọ wọn, ẹ má yin ìrísí wọn. Bí ọkùnrin bá yin ìrísí yín ju bó ṣe yẹ lọ, "shukran" (ẹ ṣé) gbígbẹ kan péré ti tó, kó sì gbẹ dáadáa. Ibẹ̀ nìkan ni gbígbẹ rẹ̀ wúlò. Láàárín ọ̀rẹ́, "shukran" lásán kì í ṣe èébú, ẹni kankan ò ní bínú, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró bí ẹni ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ máa ṣọ́: ìparí ọ̀rọ̀. "Rẹ" tiwa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, tiwọn mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ti ará Mòrókò, gbogbo èyí tí mo kọ sókè tó parí sí "-ik" tàbí "-ki", obìnrin lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Fún ọkùnrin, "-ak" tàbí "-k": Allah yisallimak, Allah yibarik fik. Bí ẹ bá ṣì í, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe fún yín.

Ẹ wá bi mí nípa ẹ̀sìn. Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn Kìrìsítẹ́nì Lárúbáwá pọ̀ ní Lẹ́bánónì, Síríà àti Íjíbítì, "Allah" sì ni Ọlọ́run nínú Bíbélì wọn láti Jẹ́nẹ́sísì. Kìrìsítẹ́nì ará Káírò á sọ "Rabbina yikhalliki" fún yín láìronú lẹ́ẹ̀mejì, "Olúwa wa" ni "Rabbina". Èyí tó jẹ́ ti Mùsùlùmí ní tààràtà ni "salli ala n-nabi", ẹ ṣàdúrà fún Ànábì, tí àwọn ará Íjíbítì ń sọ láti lé ojú burúkú lọ, àti "jazakillahu khayran", kí Ọlọ́hun fi ire san án fún yín, tí Mùsùlùmí ń lò jù. Bí wọ́n bá fi èkejì yìí kí yín, "wa iyyaki", ẹ̀yin náà, kò ní ohun tó lè pa ẹ̀rí ọkàn yín lára. "Uyunik il-hilwe", "tislami" àti "kullik zo'" kò dárúkọ ẹnì kankan rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀gbà. Ẹ má lọ dá a padà báyìí o. Ó ti pẹ́ jù, yóò dà bí ẹni pé ẹ ń jù ú sí i lójú. Ẹ lọ wá nǹkan tó wúwo bíi tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti ilé, kó bá yín mú àdìrẹ tó dára wá, aláró, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ dì í dáadáa, ẹ fún un nígbà tí àwọn yòókù kò sí nítòsí. Á ní "lesh ghallabti halik?", kí ló dé tí o da ara rẹ láàmú? Ẹ ní "wala ghalabe", kò sí wàhálà kankan. Ó lè kọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ búra fún un nígbà kẹta.

Bó bá tú u, á ní "byijannin!", ó ń mú orí ẹni yí. Ẹ ó ní "uyunik il-hilwe, tilbisi bil-hana", kó fi ìdùnnú lò ó. Ẹ ṣáà má sọ "m'addam" fún un. Aṣọ náà ti di tirẹ̀.